Àlàfo Inú Orin Debussy

Ní ìjọ kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì ní Woolwich, nílùú òyìnbó, Olúwaṣògo ni ọ̀gá olórin. Bọ́ọ̀sì ló ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Àìkú, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í gbà kí ibì kankan pa rọ́rọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òwe tó fẹ́ràn jù nìyẹn. Bí akọrin bá gbàgbé orin, bí oníwàásù bá ń wá ẹsẹ Bíbélì, Olúwaṣògo á ti da orin bò ó, ìjọ á pàtẹ́wọ́, àṣírí á bò. Ó ti tó ọdún méjìlá tó ti ń bá wọn bo àṣírí, kò sì sẹ́ni tó ní kó sinmi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Moráyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti Thamesmead, wá lo dùùrù ìjọ. Ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ orin, fídíò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láìgé, láìlẹ̀. Orin Debussy ló yàn, ará Faransé kan tó ń kọ orin ní nǹkan bí ọdún 1900.

Olúwaṣògo ti wo fídíò nípa àwọn olórin ìgbà yẹn lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ó ti di ọ̀mọ̀wé. Ó fara mọ́ Mahler, ọ̀kan nínú wọn, nítorí orin tó gba wákàtí kan ààbọ̀ jọ ìsìn gidi. Ṣùgbọ́n Debussy ní tirẹ̀, ó ní ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ni: ohùn rẹ̀ á gbéra, á máa rìn gbéregbère, kò sì ní padà síbi tó ti kúrò. Akọrin tòun tó bá dán irú ẹ̀ wò, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni.

Moráyọ̀ ṣí dùùrù. Ó tan kámẹ́rà fóònù rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Orin náà dùn débi pé Olúwaṣògo gbàgbé láti yọ ṣùtì sí i. Nígbà tó dé àárín, ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè, ó dákẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe Olúwaṣògo. Ọmọ ọlọ́mọ ti gbàgbé. Kí ni kíbọ́ọ̀dù wà fún? Ó da ohùn aládùn lé e, ó tan ìlù inú kíbọ́ọ̀dù sí i, ó sì pàtẹ́wọ́.

Moráyọ̀ yíjú sí i. Omi ti lé sójú rẹ̀.

"Uncle, mi ò gbàgbé. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Silence yẹn wà nínú music náà."

Aago márùn-ún ààbọ̀ ti kọjá. Ojú ti Olúwaṣògo gan-an. Ó fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ, ó lọ jókòó lórí ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Moráyọ̀ tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àlàfo dé, ọwọ́ ń yún ọ̀gá olórin, ṣùgbọ́n ó fara dà á. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Sister Àbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Abbey Wood, tó dìde jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan, ó dákẹ́. Kíá ni Olúwaṣògo da orin ijó bò ó. Gbogbo ìjọ jó, obìnrin náà sì rọra padà sí ìjókòó rẹ̀.

Fídíò lọ nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méje. Moráyọ̀ dúpẹ́, ó sì lọ. Olúwaṣògo pe Àbẹ̀bí.

"Sister, ẹ má bínú. Kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Àbẹ̀bí kò sọ nǹkan kan. Olúwaṣògo gbé fóònù mọ́ etí, ó dúró dè é.