Tírélà Tí Kò Lè Kọjá Omi

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ mi, Habeebullah, fi wa tírélà onítírélà, tó ń kó kọ̀ntéénà láti èbúté Tilbury káàkiri Ìlú Ọba. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sétí ibùsùn wa ní Peckham, ó ní òun fẹ́ ní tòun. Mo ní ṣé kó tó mu tíì ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? A jọ dàgbà ní Ìṣẹ́yìn ni, n kì í pọ́n ọn lé àfi tí àlejò bá wà. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wọn ní Ìṣẹ́yìn kò lè mọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ní lọ́rì kan tí wọ́n fi ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n kọ TỌLỌ́RUN LÓ ṢẸ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́. Bó ṣe di pé kò sẹ́ni tó tún pe bàbá náà lórúkọ mọ́ nìyẹn. Bàbá Tọlọ́run-ló-ṣẹ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, ọkọ tèmi sì ń jẹ́ Ọmọ Tọlọ́run-ló-ṣẹ títí tó fi wọ bàálù. Bàbá kú, lọ́rì dẹnu kọlẹ̀, àwọn oníirin wá tú u lọ. Síbẹ̀ Ìyá, ìyá ọkọ mi, ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá ẹ̀gẹ́ síbi tí lọ́rì náà máa ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Wọ́n ṣì ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń bọ̀ wá gbé tiẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di rírà àbí yíyá. Owó ọwọ́ wa kò ká tírélà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń tà ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀ tòun ti èlé, tó bá san án tán, ó di tiẹ̀. Àwọn tó ń yáni ní kó máa san owó ọ̀sẹ̀. Tó bá bàjẹ́, àwọn á tún un ṣe. Tó bá sì sú u, kó fún àwọn ní ìkìlọ̀ oṣù kan, kó dá a padà. Àmọ́ kò lè di tiẹ̀ láéláé, kò sì gbọdọ̀ gbé e kúrò nílùú yìí.

Èmi ò fi bò, yíyá ni mo fẹ́.

Mo sọ fún un pé, "Èyí tó o fẹ́ rà yẹn, títí wàá fi san án tán, o ò ní lè sinmi. Tí engine bá kú lójú ọ̀nà M25, ìwọ lo ni ín o. Yá a jàre. Ọjọ́ tá a bá fẹ́ lọ sílé, a máa kó key wọn fún wọn."

Ọjọ́ tá a bá fẹ́ lọ sílé! Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi látìgbà tí wọn ò tíì wó àwọn ilé àtijọ́ North Peckham. Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn, Yusrah ọmọ wa ò tíì wọ iléèwé, ọmọ náà sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń kọjá ní Rye Lane, tí òórùn ẹja gbígbẹ gba imú mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan, àárò ilé á sọ mí débi pé màá kàn dúró sójú kan. Àwọn èrò á máa fi àpò gbá mi lápá kọjá.

"Ìyá Yusrah," ni ọkọ mi wí, "aṣọ àyálò kì í yẹni."

Alfa Ṣàmsúdéènì, tó ń ṣe aṣáájú àsàlátù wa, ló là á. Wọ́n ní, "Habeebullah, owó tó o fi ń yá mọ́tò, no problem, iṣẹ́ lo fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n interest yẹn, ribà ni. Mi ò lè bá ẹ lọ́wọ́ sí i." Kò lè kọjá ọ̀rọ̀ Alfa. Ó yá a.

Ibi tó ti wá ṣìṣe nìyí o. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ ní Rye Lane tí wọ́n ti ń gé lẹ́tà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, ó ní kí wọ́n gé TỌLỌ́RUN LÓ ṢẸ fún òun, kó pupa. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú tírélà náà. Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo àsàlátù tẹ̀ lé e lọ sí ọgbà tí wọ́n ń gbé e sí lọ́nà Erith. Alfa gbàdúrà sí táyà, wọ́n gbàdúrà sí bíréèkì, a pín mósà àti ẹran, gbogbo wọn ń sọ pé ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ ká lò ó pẹ́. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ṣe sàráà mọ́tò tuntun. Àmọ́ ta ní ń ṣe sàráà sí mọ́tò onímọ́tò?

Yusrah, tí wọ́n bí sí Peckham níbí, ló ya fọ́tò. Ó ní, "But Daddy, kì í ṣe tiwa though. Rent lẹ ń san, innit?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Yà á jàre." Kó tó di pé a délé, fọ́tò ti dé Ìṣẹ́yìn.

Inú Ìyá dùn kọjá sísọ. Wọ́n gbé fọ́tò náà káàkiri àdúgbò pé ọmọ àwọn ti ra mọ́tò, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì kọ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti pè wá, ìbéèrè kan náà ni. "Habeebu, ìgbà wo lo máa gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi? Ọmọ àwọn ẹlòmíì ń fi tiwọn ránṣẹ́ sílé." Ọkọ mi á ní, "Láìpẹ́, Màámi." Tó bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, á wá máa wo ògiri. Àánú rẹ̀ á ṣe mí, inú á sì tún bí mi sí i.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó yá a ní tírélà fi rí lẹ́tà náà. Wọ́n ní kó yọ ọ́ kíá, pé kò sí nínú àdéhùn. Èmi náà bá a lọ, mo gbé omi gbígbóná dání. Ó ń fi èékánná ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó kan orúkọ Ọlọ́run, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣí i. Mo sunkún nínú ọgbà yẹn, mi ò purọ́. Bá a ṣe ń padà bọ̀, ó ní òun máa sọ òótọ́ fún Ìyá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè wọ́n. Mo jókòó tì í.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Tírélà yẹn, mi ò rà á. Mo yá a ni. Kò lè kọjá omi."

À ń gbọ́ ohùn adìyẹ lọ́dọ̀ wọn.

Ìyá ní, "Mo gbọ́. Tírélà ò lè kọjá omi torí pé ó ní ẹni tó ni ín. Ìwọ ńkọ́, Habeebu? Ta ni mo gbé ọ yá?"

"Màámi..."

"Ta ni mo gbé ọ yá tí kò fẹ́ dá ọ padà? Ṣé mọ́tò ni mo bí ni? Ojú ń tì mí láti máa sọ fún ọ pé kó o máa bọ̀, ni mo ṣe ń béèrè mọ́tò. Mo rò pé ẹni tó bá ní mọ́tò á wà á wálé ni."

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i, Màámi."

"Sùúrù ń bẹ. Ọjọ́ ni ò sí mọ́."

Kò sẹ́ni tó jẹun nílé wa lọ́jọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò bi mí, kò bi Alfa. Ó pe ilé iṣẹ́ náà, ó fún wọn ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Lẹ́yìn náà ó tún pe Ìṣẹ́yìn.

Ó ní, "Màámi, a ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èmi àti Ìyá Yusrah. Mi ò gbé nǹkan kan bọ̀ o."

Mo ń retí kí wọ́n pariwo, kí wọ́n máa ṣàdúrà. Wọn ò ṣe ìkankan. Wọ́n kàn béèrè pé, "Kí ni kí n sè dè ọ́?"

Habeebullah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó na fóònù sí mi. Mo gbà á, mo dì í mú sáàárín àwa méjèèjì. Ìyá sì ń pè é láti ọ̀hún pé, "Habeebu? Mo ní kí ni kí n sè?"