Ajá Tí Wọ́n Fi Okùn Sọ̀ Kalẹ̀

Ìyá Àgọ́ kò bímọ, àgọ́ ló ń rán, iṣẹ́ yẹn ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yìn ilé ìtajà kan tí àwọn tó ń gun òkè ti ń ra bàtà àti okùn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì fún mọ́ ara wọn, tí tapólì sì wà nílẹ̀ gègèrè. Àgọ́ ni, báàgì àgbékọ́ ẹ̀yìn ni, ìgbànú tí èèyàn ń wọ̀ kó tó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta ni, gbogbo rẹ̀ ló ń rán. Abẹ́ tábìlì ni Arìnká, ajá rẹ̀, máa ń sùn sí, á gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ tí Ìyá Àgọ́ fi ń tẹ ẹ̀rọ, àfi bí ẹni pé òun náà ń bá a ránṣọ.

Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, òkè ni àwọn méjèèjì ń lọ. Ìyá Àgọ́ máa ń sọ pé ojú lásán lòun ní, imú Arìnká lòun fi ń mọ igbó. Ajá yìí ló fi ihò òòrẹ̀ hàn án lábẹ́ òkúta tó ti ń jókòó lé láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ló dá a dúró lọ́jọ́ tí paramọ́lẹ̀ ká jọ sójú ọ̀nà bí ewé gbígbẹ. Nítorí ibi tí òkúta bá ti ga jù fún un ni Ìyá Àgọ́ ṣe rán ìgbànú àyà kan fún un, tó ní ọwọ́ lókè bíi ti báàgì, kó lè máa fi gbé e kọjá.

Ọjọ́ tó rán an tán, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀. Agòkè ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mú àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta gíga tí omi ti ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ó fi ọwọ́ fa ìgbànú náà wò.

"Àǹtí mi, eléyìí lágbára o. Èèyàn lè fi so ajá rọ̀ lára àpáta."

"Gbígbé kọjá òkúta ni mo rán an fún," ni Ìyá Àgọ́ wí. "Má fi so ajá rọ̀ o. Tó bá ń ta ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, á yọ jáde lẹ́yìn."

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ohun tó dun Ìyá Àgọ́ jù nìyẹn nígbà tó yá.

Lọ́jọ́ kan, ó kó àgọ́ lọ fún oníbàárà lódìkejì ìlú, ó sì fi Arìnká sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn. Nígbà tó dé, ìyá wọn ní Agòkè ti wá mú ajá, pé wọ́n ń ṣeré lọ sí òkè. Kò tíì jókòó dáadáa tí Agòkè fi wọlé. Ó gbé ajá náà mọ́ àyà, ó fi jákẹ́ẹ̀tì wé e, omi ń kán tótó lára àwọn méjèèjì. Arìnká kò gbó. Ó kàn ń mí gúlegúle, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì ń mì dirodiro bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ó yọ̀ ni, Àǹtí mi. Ó rí ẹyẹ kan, ó sá tẹ̀ lé e, ló bá já sómi."

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà fọwọ́ tẹ ibí, ó fọwọ́ tẹ ọ̀hún, ó ní egungun itan ti dá, egungun ìhà náà sì ti sán, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó tú jákẹ́ẹ̀tì kúrò lára ajá, ìgbànú àyà tí wọ́n wé mọ́ ọn bọ́ sílẹ̀, ó mú un, ó nà án sí Ìyá Àgọ́.

Ìgbà yẹn ló rí i. Ìkọ́ irin tí àwọn tó ń gun òkè fi ń so okùn mọ́ ara ṣì wà lọ́wọ́ ìgbànú náà, ó ń dán yanran. Agòkè ti gbàgbé láti yọ ọ́.

Ó wo ìkọ́, ó wo àbúrò rẹ̀. Agòkè gbójú sá.

"Ṣé ẹyẹ náà ló so ìkọ́ yìí mọ́ ọn?"

Ilé ìyá wọn ni Agòkè ti wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ ya fíìmù ajá tó ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta. Ó ti gbé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, títí dé ìgbà tó kù díẹ̀ kí ajá yọ jáde nínú ìgbànú, sórí ayélujára, àwọn èèyàn sì ti ń kí i pé akọni lajá. Ìyá Àgọ́ gba fóònù, ó wò ó. Arìnká ń rọ̀ dirodiro, ó ki ìrù bọ abẹ́, ojú rẹ̀ ràn, ohùn Agòkè sì ń dún lẹ́yìn pé ẹ wo bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn.

"Inú ta ló ń dùn?" Ìyá Àgọ́ na fóònù náà padà sí i. "Mo ní inú ta?"

"Mo fẹ́ kó rí ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa débẹ̀ tí orí rẹ̀ ò ní wú."

"Ṣé ó bẹ̀ ọ́?"

Ìyá wọn dá sí i. "Ó ti tó. Ajá ni o, ọmọ ìyá rẹ lèyí. Ẹ ò ní torí ajá sọ pálọ̀ mi di ojú ìjà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bínú. Ajá ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ráyè pa irọ́ ẹyẹ fún mi." Ó yíjú sí Agòkè. "Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọ̀la."

Agòkè wá. Ìyá Àgọ́ ti rán ìgbànú àyà kan sílẹ̀, irú ti ajá gẹ́lẹ́, àfi pé ó tó èèyàn wọ̀. Irin gbọọrọ kan wà lókè àjà tí òun máa ń fi ẹ̀wọ̀n fa ẹrù sí láti dán ìgbànú wò. Ó ní kí Agòkè wọ̀ ọ́. Bóyá ojú ló ń tì í, bóyá ó rò pé àwàdà ni, ó wọ̀ ọ́. Ìyá Àgọ́ so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n, ó sì fà á títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò nílẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìgbànú wọ́ lọ sí abíyá rẹ̀, ó ń fún un, ẹ̀rín sì dá.

"Àǹtí mi, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀."

"Báwo ni Arìnká ṣe pẹ́ tó lórí okùn?"

"N ò mọ̀. Mò ń ya fíìmù lọ́wọ́."

Ìyá Àgọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rán etí báàgì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gé òwú. Ariwo ẹ̀rọ bo gbogbo ohun tí Agòkè ń sọ. Lẹ́yìn náà ló wá dẹ ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Agòkè wó sórí eékún, ó di abíyá mú, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ fẹ́ pa mí nítorí ajá."

"Ìwọ mọ̀ pé mo máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òun ò mọ̀."

Agòkè lọ rojọ́ fún ìyá wọn, ìyá sì bá Ìyá Àgọ́ yan odì títí oṣù fi lé. Ṣùgbọ́n kílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n fa Agòkè sókè tó ṣú, ó ti yọ fíìmù náà kúrò lórí ayélujára. Dókítà náà sì sọ pé àràárọ̀ ni ọ̀gbẹ́ni tó gbé ajá wá ń wá jókòó tì í. Nígbà tí Ìyá Àgọ́ gbọ́, ṣe ni inú tún bí i, àfi bíi pé ẹnì kan fẹ́ fi ọgbọ́n gba ìbínú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Arìnká padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ kan kò kan ilẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Agòkè dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ajá rí i, ó fò tọ́ntọ́n jáde lábẹ́ tábìlì, ìrù ń na ògiri, ó ń lá a lọ́wọ́.

"Ìwọ náà ò nítìjú," ni Ìyá Àgọ́ sọ fún ajá. Inú ń bí i sí i gan-an.

Agòkè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Má sunkún sórí àgọ́ oníbàárà mi."

Dókítà ti ní kí ajá máa gba afẹ́fẹ́ òkè, àmọ́ kó má gùn ún. Ìyá Àgọ́ rán báàgì tí ajá lè jókòó sí, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kò lè rìn jìnnà. Kò sẹ́lòmíì tí ẹ̀yìn rẹ̀ le tó láti gbé e, àfi Agòkè. Ó ránṣẹ́ pè é.

Wọ́n gbéra láàárọ̀. Agòkè ló ṣíwájú, orí Arìnká yọ léjìká rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Ìyá Àgọ́ tẹ̀ lé wọn, ó tẹjú mọ́ ojú òwú báàgì títí wọ́n fi kọjá ẹsẹ̀ òkè.

"Àǹtí mi, ẹ ṣì ń bínú?"

"Mò ń bínú."

"Títí dìgbà wo?"

Ìyá Àgọ́ nawọ́, ó fa okùn báàgì náà kó lè fún dáadáa.

"Máa rìn," ló wí. "Òòrùn ń mú Arìnká lójú."