Ahọ́n-kì-í-purọ́

Èmi kì í ṣe onísùúrù, gbogbo ilé ló mọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń pọn ọtí ápù. Èmi ń fún ápù, òun ń tọ́ ọtí wò. Ọdún kejìlá rèé tí ahọ́n rẹ̀ ti ń sọ àgbá tó tó rọ sígò àti oúnjẹ tó bá a lọ. Ahọ́n-kì-í-purọ́ ni wọ́n ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ ìtọ́wò, kì í jẹ nǹkan kan àfi búrẹ́dì gbígbẹ àti omi.

Lọ́jọ́ tí alásè òtẹ́ẹ̀lì kan wá tọ́ ọtí wa wò, ìgò kìíní bá ẹja díndín mu, ìkejì bá adìẹ sísun lọ. Inú mi ń dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìkẹta. Yéè! Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbóòórùn ẹ̀: ó ti di ọtí kíkan. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Èyí, wàràkàṣì ló bá a mu.”

Alásè ṣì ń jẹ adìẹ lọ́wọ́ nígbà tó nawọ́ sí ife. Mo já a gbà.

“Ẹ máà bínú, sà. Ife yìí ò mọ́.”

“Ife tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀!” Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo. “Ṣé orí ẹ pé? Níwájú àlejò?”

Ojú tì mí, inú bí mi, mo gbé ìbínú náà mì. Mo kó ife àti ìgò wọ ilé ìdáná, mo tọ́ ìgò mìíràn wò, mo gbé e jáde. Alásè fi jẹ wàràkàṣì, ó ní ká máa kó ọtí bọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Bó ṣe lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹnu nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n ṣọ́ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ náà ti wá dara pọ̀. Mo bu ọtí tí mo gbé pamọ́ fún un.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún un tọ́ wò.”

“Ó dùn. Kí ló ṣe é?”

“Ó ti kan, Bọ̀ọ̀dá.”

Ó gbé ife sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

“Látìgbà tí ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ yẹn ni. Omi, ọtí, ata, ìkan náà ni wọ́n lẹ́nu mi àti nímú mi. Ohun tí a kọ sára ìgò ni mo ń kà. Mo rò pé ẹnu mi yóò padà bọ̀ sípò.”

Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé n kò rántí ìbínú mi mọ́.

“Àgbá mélòó lẹ ti ní ká rọ sígò látìgbà náà?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Mọ́ńdè ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tó kù sórí àwo ẹ̀, mo mú ife, mo kọrí sí yàrá ìgò. Ó tẹ̀ lé mi. Mo ṣí ìgò àkọ́kọ́, mo fi ọtí náà sẹ́nu.

“Báwo ló ṣe rí?” ó ní.

Láti ọdún méjìlá, èmi ni mo máa ń bi í bẹ́ẹ̀.