Abiyamọ Abẹ́ Ilé Inú Igbó

Yìnyín ń bọ́ sórí Woodridge lẹ́bàá Chicago, ó ń rọra balẹ̀ bí òwú. Ìyá àgbà Sàdíátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹjú mọ́ fóònù Jìbírílù ọmọ rẹ̀. Láti Ìsẹ́yìn ni Jìbírílù ti mú un wá, kó wá bá Salihat ìyàwó rẹ̀ tọ́jú Muminat, ọmọ wọn tuntun. Ọmọ ti yó, ìyá àgbà wá ń wo ìran.

Ẹ ṣáà wò ó! Jìbírílù ra ilé kékeré kan sínú igbó ní Wisconsin, ibi tí wọ́n ń lọ fún ìsinmi. Kámẹ́rà tó fi ń ṣọ́ olè níbẹ̀ ló fi hàn wọ́n lórí fóònù pé béárì dúdú kan ti wọ abẹ́ ilé, ó ká jọ bí ìgbín inú ìkarahun. Bí òtútù bá ti dé báyìí, wọ́n ní kì í jẹ, kì í mu, àfi tílẹ̀ bá tún móoru.

"Ààwẹ̀ tirẹ̀ mà le o!" ni ìyá àgbà wí, ó pàtẹ́wọ́.

Lójoojúmọ́ ló ń wò ó. Èémí ẹranko náà ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yóò fi dà bíi pé ìyá àgbà pàápàá ló sùn sábẹ́ yìnyín, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹnikẹ́ni kò pè é.

Àmọ́ Jìbírílù ti pe ọkùnrin kan tó ní ajá. "Màámi, Saturday ló máa wá lé e. Mo ti gba off níbi iṣẹ́, a fẹ́ lọ síbẹ̀."

Ìyá àgbà gbé fóònù sétí. Ohun kan ń kùn lábẹ́ èémí béárì náà, hùn-ún-ùn, hùn-ún-ùn, bí oyin inú ihò igi.

"Jìbírílù! Ó ti bímọ!"

"Màámi, ó ń hanrun ni jàre."

"Ìwọ tó ò fọ́mọ lọ́yàn rí, kí lo mọ̀?"

Salihat bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ń mu ọyàn lọ́wọ́, òun náà ń kùn. Ìyá àgbà gbé fóònù sún mọ́ orí ọmọ: ohùn méjèèjì jọra bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Salihat dẹ́kun ẹ̀rín.

"Daddy Muminat, ẹ gbọ́ ná."

Jìbírílù gbọ́. "But Màámi, béárì ni o!"

"Béárì tó bímọ. Salihat kò tíì pé ogójì ọjọ́, ṣé a lé e síta? Bí ajá bá dé ibẹ̀, ìyá yóò sá, òtútù yóò pa àwọn ọmọ. Ilé tìrẹ ni, mi ò bá ọ jà. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀." Ló bá fẹ́ kúnlẹ̀.

"Háà! Màámi, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi o!" Jìbírílù fò dìde, ó gbá a mú. Lójú ẹsẹ̀ ló pe ọkùnrin náà: "Please don't come. She has babies." Ó wá mí kanlẹ̀, ó jókòó. "Ó di summer ká tó lọ. Ta ló máa wá wẹ ọmọ fún béárì náà báyìí?"

"Ahọ́n rẹ̀ ni kànìnkànìn," ni ìyá àgbà dáhùn, ó sì gbé orin, jẹ́jẹ́, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn:

*Sùn o, ìyá onírun dúdú,*
*Sùn, kọ́mọ ó mu;*
*Kò sẹ́ni tí yóò jí ọ,*
*Ilé ọmọ mi lo wọ̀.*

Salihat ń gbè é. Kí wọ́n tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Jìbírílù ti sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.