Ìrẹsì Tí Mo Fọ̀ Nílé Ìyá Safwan

Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ìkòkò lé e, yóò hó.

Safwan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fi gbogbo ọkàn mi fún, ló ní kí n wá láti ilé wa ní Olódò, kí n dáná fún ìyá òun ní Akínyẹlé. Lẹ́yìn Iléyá la fẹ́ so yìgì, ìyá rẹ̀ kò sì tíì fọwọ́ sí i.

"Kifayah mi, oúnjẹ ọwọ́ ẹ ló máa bá wa bẹ̀ wọ́n," ló wí lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó máa ń yọ́ mi bí òrí inú oòrùn. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fọ ìrẹsì yẹn dáadáa o. Ti Màámi máa ń rùn, òkúta inú ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi léyín. Fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ gaara."

Mo gbọ́rọ̀ sí àfẹ́sọ́nà mi lẹ́nu. Ìrẹsì Ọ̀fadà oko wọn ni. Mo ṣa òkúta, mo bu omi sí i, mo fọwọ́ ra á, mo da omi nù. Omi náà pọ́n bí omi ọ̀gbàrá. Mo tún bu òmíràn, mo tún dà á nù. Ibẹ̀ ni Alhaja Hàjàrá, ìyá Safwan, ti yọ sí mi.

"Kí lò ń fọ̀?"

"Ìrẹsì ni, mà."

"Mo rò pé aṣọ ni. Ṣé kí n bá ẹ mú ọṣẹ wá?"

Kaothar, àbúrò Safwan tó ń gé àlùbọ́sà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, mà. Omi ẹ̀ ni kò tíì mọ́."

"Kò ní mọ́! Ọ̀fadà ni! Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń ṣàn án nílé yìí. Gbogbo adùn ẹ̀ lo dà sílẹ̀ yẹn. Àbí ọmọ Olódò rò pé ọ̀bùn ni wá?"

Mo kúnlẹ̀. Mo wo Safwan tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nítòsí wa. "Bùọ̀dá Safwan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún Màmá."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Ìwọ lo ní kó fọ ìrẹsì mi ní àfọ̀bó?"

"Èmi kẹ̀?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè lórí fóònù. "Màámi, kí lèmi mọ̀ nípa ìrẹsì? Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn."

Nílé wa! Ó tún kan ìyá mi! Mo rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀ kí n má baà dà á lé Safwan lórí. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Màmá, mo mú báàgì mi.

"Ẹ wò ó!" Màmá ń pariwo lẹ́yìn mi. "A ò tíì bú u, ó ti ń lọ!"

Mo ti dá ọlọ́kadà dúró kí Safwan tó sáré bá mi ní títì.

"Kifayah, òótọ́ ni, èmi ni mo sọ ọ́. Ṣebí o mọ Màámi. Jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná."

"Padà wọlé, kó o lọ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú wọn. Gbólóhùn kan péré. Mo máa dúró dè ẹ́."

Ó wo ọ̀nà ilé. Ó họ orí. "Tó bá dọ̀la ńkọ́?"

Mo gun ọkadà. Ó wá di èjìká ọlọ́kadà mú, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́: "Ẹ rọra gbé e o. Ìyàwó mi ni."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru.

"O rí ọlọ́kadà sọ ọ́ fún, o ò rí ìyá ẹ sọ ọ́ fún! Bùọ̀dá ọlọ́kadà, ẹ gbéra. Ẹ sáré bó bá ṣe wù yín!"