Ọ̀rọ̀ Márùn-ún

Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn akọlù ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ní Yunifásítì Harlan Bluff fi jẹ ẹ̀wà. Bí àṣà wọn ṣe rí nìyí: ní Sátidé tí ìgbáradì ìgbà ìrúwé bá parí, àwọn akọlù yóò kojú àwọn adènà, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, níwájú òbí àti ará ìlú. Lẹ́yìn náà wọn yóò jọ jókòó sídìí tábìlì kan. Ẹran màlúù yíyan tó nípọn bíi Bíbélì ni ti ẹni tó bá borí. Ẹ̀wà inú agolo ni ti ẹni tó bá fìdí rẹmi, wọn kì í sì í gbé e kaná. O ò gbọdọ̀ gbé àwo rẹ lọ síbòmíràn o. Iwájú ẹni tó ń gé ẹran ni wàá ti jẹ ẹ́. N ò mọ ẹni tó dá irú àṣà yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n onítọ̀hún mọ bí wọ́n ṣe ń dójú ti ọmọ ènìyàn.

Rayford Crudup ti jẹ ẹ̀wà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà ìrúwé tó kẹ́yìn fún un rèé, kò sì fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọmọkùnrin gìrìwò ni. Ìlà iwájú ló ń dúró sí, ní ọwọ́ òsì Tavoris Pettway. Tavoris ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, tí á fi í ránṣẹ́ sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, tí á sì tún gbé orí sókè kí adènà tó ya lù ú. Ọdún kan ni Rayford fi ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí Tavoris kọ́kọ́ dé, ìyá rẹ̀, Màmá Odessa, gbé páì ọ̀dùnkún méjì lé Rayford lọ́wọ́, ó ní, "Rayford, ojú rẹ ni mo fi ń ṣọ́ ọmọ yìí o. Òun nìkan ni mo bí." Rayford ní kò sí wàhálà, mà. Ó ti jẹ páì kan tán kí ìyá náà tó dé ẹnu geètì.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìgbáradì náà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ojú pápá di ibi ẹ̀sín. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ àwọn akọlù lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Akọlù méjì sáré kọlu ara wọn, wọ́n ṣubú yakata. Dontrell Sykes, olórí àwọn adènà, tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, dúró sí àárín pápá, ó ń fi ọwọ́ bu ẹ̀wà tí kò sí níbẹ̀ sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ọmọ ẹlẹ́wà! Ṣé ẹ ti fọ ṣíbí yín?"

"Fọ ti bàbá rẹ!" ni Tavoris dá a lóhùn, òun gan-an sì bú sẹ́rìn-ín.

Kóòṣì tuntun ni wọ́n ní lọ́dún náà, ọkùnrin kúkurú kan tó ń jẹ́ Haddix, tí kì í pariwo. Ó pe àwọn márùn-ún tó ń dúró ní ìlà iwájú. "Ẹ̀ ń ti èèyàn, ẹ ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń tì," ló wí. "Láti òní lọ, Tavoris ni ojú yín. Ohun tó bá rí, kó pariwo rẹ̀. Ohun tó bá pariwo, ẹ ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Tavoris á bẹ̀rẹ̀, á wo àwọn adènà láti abẹ́ àṣíborí rẹ̀, á ké pe orúkọ ẹni tí kálukú máa tì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í rí. Orí ọmọ yẹn pé kọjá sísọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ajubọ́ọ̀lù ráyè dúró, ó wọ̀tún wòsì bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀, kó tó ju bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, Sykes ò sì bu ẹ̀wà kankan mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí Rayford bá fẹ́ sùn, òórùn ẹran yíyan ló ń gbọ́.

Ọjọ́ kọkànlá bọ́ sí Túsìdeè. Ìyẹ̀fun òdòdó igi páìnì ti sọ gbogbo nǹkan di aláwọ̀ ìyeyè, títí kan bàtà àti ike omi. Tavoris ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ó gbé orí sókè, Sykes sì ti dé. Àṣíborí pàdé àṣíborí, ó dún gbàgà. Tavoris ṣubú, ó dìde, ó gbọn koríko dànù lára, ó rọra rìn lọ dúró láàárín àwọn adènà.

Ẹ̀rín pa gbogbo pápá. "Ó ti wá tọrọ ẹran!" ni Sykes ń ké. "Ẹ bu díẹ̀ fún un!" Rayford náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ fà á lápá pé kó jẹ́ kí àwọn padà sí ìlà, ni Tavoris bá wò ó lójú, ó ní, "Ray, ta là ń bá gbá?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Rayford.

Nọ́ọ̀sì Beasley, tó ń tọ́jú àwọn eléré, mú Tavoris wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ibí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Rayford ti ṣe. Tí ọmọ tuntun bá ti dé ní Ọ́gọ́ọ̀sì, kó tó gbá ohunkóhun, Beasley á dán orí rẹ̀ wò. Á ka ọ̀rọ̀ márùn-ún kan tí kì í yí padà fún un, á ní kó ka oṣù láti Disẹ́ḿbà padà sẹ́yìn, á sì tún bi í léèrè àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún náà. Iye tó bá rántí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá wá forí gbá lọ́jọ́ iwájú, ó di dandan kó rántí iye yẹn kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sórí pápá. Àwọn ọmọkùnrin náà sì ti wá ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sí i. Àwọn tó ṣíwájú Rayford ló kọ́ ọ, òun náà ló kọ́ Tavoris, lóru tí ìdánwò ku ọ̀la, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Má rántí ju mẹ́ta lọ. Tó o bá dé Júláì, da gbogbo ẹ̀ rú. Wọ́n á rò pé òmùgọ̀ ni ẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lè lé ẹ kúrò lórí pápá láé." Tavoris ṣe é bó ṣe wí. Nígbà tó jáde, ó ka ọ̀rọ̀ márààrún fún Rayford lẹ́nu ọ̀nà, láti iwájú lọ sẹ́yìn àti láti ẹ̀yìn wá síwájú: àga, ọsàn, fèrèsé, ẹṣin, ọṣẹ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ẹní yó.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Tavoris jáde ní yàrá Beasley, ó gbé àtàǹpàkò sókè. "Mo yege. Mẹ́ta."

Rayford fà á sẹ́yìn ògiri. "Ṣé o fi méjì pamọ́ ni?"

Tavoris ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Tavo, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ márààrún?"

"Mi ò rí méjì tó kù, Ray. Mo wá a, mi ò rí i." Lẹ́yìn náà ló di Rayford lọ́wọ́ mú. "Jọ̀ọ́, má sọ. Sátidé péré ló kù. Tí mo bá jẹ ẹran yẹn tán, èmi fúnra mi á lọ sọ fún un. Mo fi Mọ́mì mi búra."

Rayford mọ̀ pé kò yẹ kí òun gbà. Ó gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ó wo àwọn akọlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà bí ènìyàn, ó ro ẹ̀wà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó sì tún ro ìbéèrè tí wọ́n máa bi òun: ta ló kọ́ ọ? Ẹ̀rù bà á.

Láti ọjọ́ náà, Rayford ló ń ríran fún Tavoris. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, á sọ orúkọ àwọn adènà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ọwọ́ òsì, Tavoris á sì pariwo rẹ̀ síta bí ẹni pé òun ló rí i. Ó ṣiṣẹ́. Áà, ó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ! Àwọn adènà ò rójú, wọn ò ráyè. Kóòṣì Haddix, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, lu Tavoris lẹ́jìká ní Tọ́sìdeè. "Ọmọ, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n ò tíì rí ìlà tó mọ́ tó báyìí."

"Ẹ ṣé, sà," ni Tavoris wí. Ó yíjú sí Rayford. "Kí ni orúkọ bàbá yẹn gan-an?"

Ìyẹn ló gbé Rayford dé ẹnu ọ̀nà Beasley lọ́sàn-án Fúráìdè. Ó dúró, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Beasley gbójú sókè lórí ìwé tó ń kọ.

"Crudup, kí lo fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. "Báńdéèjì ni, mà. Ọrùn ọwọ́ mi ló ń dùn mí."

Ó fún un ní báńdéèjì. Ó tiẹ̀ bá a dì í, ó sì ní kó má fi gbé nǹkan wúwo.

Ní Sátidé, èrò kún ibi ìjókòó dé òkè. Màmá Odessa wọ ẹ̀wù tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sí lẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́ sí gbogbo ẹni tó bá wojú rẹ̀. Àwọn akọlù gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje, wọ́n ti fi àmì méjìlélọ́gbọ̀n sí mẹ́wàá na àwọn adènà. Eré ti tán. Ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù dípò Tavoris, kò sì sí ohun tí ì bá yí padà. Rayford rò ó. Ó rò pé kóun sọ fún kóòṣì pé ó ti rẹ ọmọ yìí. Ó ní lẹ́yìn èyí, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré sí i.

Sykes ò tiẹ̀ sáré. Ó kàn fi èjìká ti Tavoris bí ó ti ń kọjá ni, irú èyí tí wọ́n ń ti ara wọn ní ìgbà ogójì lóòjọ́. Tavoris jókòó sílẹ̀. Ó bọ́ àṣíborí rẹ̀, ó gbé e sórí itan bí ẹni gbé ọmọ, ó sì dojú bolẹ̀. Sykes ló kọ́kọ́ kígbe pé kí wọ́n pe dókítà. Nígbà tí mọ́tò aláìsàn fi máa wọ pápá, Màmá Odessa ti fo irin tó ya èrò sọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ nítorí pé wọ́n ti sè é. Wọ́n gbé ẹran tó nípọn bíi Bíbélì síwájú Rayford. Níwájú rẹ̀, Sykes mú ṣíbí, ó wo ẹ̀wà, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Èmi ni mo pa á," ló ń wí. "Èmi ni." Rayford ì bá sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi Sykes. Kò sọ ọ́. Ó gé ẹran náà sí wẹ́wẹ́, kò fi ọ̀kan kan sẹ́nu.

Tavoris ò kú. Wọ́n ṣí i lágbárí, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nílé ìwòsàn kó tó lè wọ bàtà fúnra rẹ̀. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì, tí àwọn ọmọ tuntun tún ń gbé báàgì wọlé, Màmá Odessa fi mọ́tò gbé e wá sọ́dọ̀ Beasley, kí wọ́n lè mọ ibi tí ara dé. Tavoris ní àfi kí Rayford wà níbẹ̀. Rayford wá, ó jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Beasley rọra ka ọ̀rọ̀ márùn-ún náà. Ó ní kí Tavoris ka oṣù padà sẹ́yìn. Ó sọ Disẹ́ḿbà, ó sọ Nòfẹ́ḿbà, ó dákẹ́. Beasley ní kò burú. "Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́, ọmọ mi? Èwo lo rántí?"

Tavoris di etí àga mú. Òógùn bò ó lójú bí ẹni tó ń ti òkè.

"Àga," ló wí. Ó wo òsì rẹ̀, níbi tí Rayford máa ń dúró, ó ń retí kó sọ ọ́ fún òun kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Rayford mọ márààrún. Kò lè sọ ọ̀kan.

"Ray," ni Tavoris wí, "sọ fún wọn. Sọ fún wọn pé mi ò díbọ́n lọ́tẹ̀ yìí."

Màmá Odessa wo ọmọ rẹ̀, ó wo Rayford. "Lọ́tẹ̀ yìí? Ta ló ń díbọ́n?"

Rayford dìde. Ó sọ ọ́ tán pátá, láti ọjọ́ páì ọ̀dùnkún títí dé ọjọ́ báńdéèjì. Beasley bo ojú rẹ̀. Màmá Odessa ò pariwo, kò sì ṣépè. Ó bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan.

"Ní Fúráìdè yẹn, ẹnu ọ̀nà yìí náà lo dúró sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mi orí. Ó mú fìlà Tavoris lórí tábìlì, ó fi dé e, ó tún ibi tó ti wọ́ ṣe kó lè bo ojú àpá náà. "Dìde, ọkọ mi, ká máa lọ sílé."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí Tavoris tó dúró. Ojú rẹ̀ tàn, ó yíjú padà sí Rayford.

"Ọṣẹ," ló wí. "Ọṣẹ wà níbẹ̀, àbí?"

"Ó wà níbẹ̀, Tavo," ni Rayford wí.