Ráútà Mẹ́fà ní Ilé Bàbá Adéagbo

Àwọn ayálégbé mẹ́fà ní ilé Bàbá Adéagbo ní Ìlódè máa ń jà lórí owó iná, títí ó fi ra mítà kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ìjà parí. Nígbà tí ó fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, ó ṣe bákan náà: ó ra ráútà mẹ́fà, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá. Àpótí dúdú kékeré tí àwọn tó fa wáyà gbé kalẹ̀, ó tú u, ó dì í sínú ọ̀rá. Lójú tirẹ̀, ó kàn ń jẹ iná lásán ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ráútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣẹ́jú. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí.

Sùmáyà, tó wà ní yàrá kẹta, ló kọ́kọ́ sáré jáde. Ó ti ń wá iṣẹ́ olùkọ́ láti ọdún méjì. Ilé ìwé kan ní Abuja fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà ní agogo mẹ́wàá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í wọ agbolé náà. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, módẹ́ẹ̀mù dà?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àpótí dúdú yẹn, sà."

"Mo ti yọ ọ́. Ṣé o ò rí ráútà tìẹ ni? Tuntun ni!"

"Mo rí i, sà. Kò rí nǹkan pín ni. Módẹ́ẹ̀mù ló ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ìta. Ráútà kàn ń pín in kiri ilé."

"Ráútà mẹ́fà ò lè gbà á? Kí wọ́n para pọ̀!"

Sùmáyà wo aago. Ó mọ̀ pé iléeṣẹ́ omi ni Bàbá ti fẹ̀yìn tì.

"Bàbá, bí ẹnìkan bá kan ẹ̀rọ omi mẹ́fà mọ́ ògiri, tí kò so páìpù mọ́ wọn ńkọ́?"

Bàbá fò dìde. "Òmùgọ̀ wo nìyẹn? Mo rí irú rẹ̀ ní Edunabon, ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí!"

Sùmáyà kàn wo ráútà. Bàbá náà wò ó, ó wò ó títí.

"Háà," ló wí. Ó wọlé lọ gbé ọ̀rá jáde.

Sùmáyà so wáyà ìta mọ́ módẹ́ẹ̀mù, ó fa òmíràn láti ibẹ̀ sí ráútà Sùmáyà. Iná àwọ̀ ewé tàn. Ṣùgbọ́n ihò iná ti fẹ̀, plọ́ọ̀gì ráútà ń jábọ́, ni Bàbá bá fi àtàǹpàkò tì í mọ́ ògiri.

"Ta ni bàbá tó wà lẹ́yìn yín?" ni obìnrin tó yọ lórí kọ̀ǹpútà láti ilé ìwé Abuja béèrè ní agogo mẹ́wàá.

"Onílé mi ni, mà."

"Ọmọ yìí mọ èèyàn kọ́!" ni Bàbá ké. "Ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ omi?" Ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀, kò fi Edunabon sílẹ̀.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó bi Sùmáyà ní ìbéèrè mẹ́ta péré, ó ní, "Ṣé ẹ lè kó wá sí Abuja ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!"

"Kó lọ kẹ̀?" ni Bàbá wí, ó sì jọ̀wọ́ plọ́ọ̀gì.